Ó kọ 9, ó gba 4

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́

Mo ti Ọjà Ọba dé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá àbúrò mi ọkùnrin lójú ìwé Báyọ́lọ́jì, torí WAEC ti ń kanlẹ̀kùn. Ó ti fi báírò aláwọ̀ ìyeyè kun ojú ìwé náà débi pé ìlà tó kù ní funfun kò tó nǹkan. Ó ní, "Àǹtí mi, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ti wọ̀ mí lórí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Bí èmi náà ṣe kàwé nìyẹn. Nínú gbọ̀ngán ìdánwò, mo máa ń rántí ibi tí ìdáhùn wà gan-an, lábẹ́ àwòrán, nísàlẹ̀ ojú ìwé, ṣùgbọ́n ìdáhùn fúnra rẹ̀ kò ní wá.

Mo ní kó pa ìwé dé, kó ya ọkàn èèyàn, kó fi ọfà tọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Kó tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kó kọ máàkì tó rò pé òun máa gbà nínú 10 sí igun bébà. Ó kọ 9. Nígbà tí a ṣí ìwé, 4 ló gbà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀, apá òsì ọkàn ló ń wọ̀. Ọ̀tún ni àbúrò mi darí rẹ̀ sí. Ó ń wo 9, ó ń wo 4, kò sọ̀rọ̀.

Mi ò bá a wí. Àkàtúnkà máa ń tan èèyàn: ojú ti mọ ọ̀rọ̀ náà, bí a ṣe ń mọ ojú ẹni tí à ń bá pàdé lójoojúmọ́ ní Arákàlẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀. Ní 2006, àwọn olùṣèwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, dán an wò ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó kàn ń tún ìwé kà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé, tí wọ́n ń wá a jáde láti inú orí ara wọn, ló borí.

Mo wá bi í léèrè ohun tó ṣì í lọ́nà. Èyí ni mo kà sí jù, torí ẹni tó bá mọ ìdí àṣìṣe rẹ̀ nìkan ló lè tún un ṣe. Ó wo àwòrán inú ìwé títí, ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó pariwo: "Ó kọjú sí mi ni! Òsì tiẹ̀ ni ọ̀tún mi!"

Èmi kọ́ ló sọ fún un o. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná.

A ò ní ṣí ojú ìwé yẹn mọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì, tó máa tún un yà. Ó ti ya bébà rẹ̀ sọ́tọ̀. Mo rí i tó ń kọ máàkì sí igun rẹ̀: ó kọ 8, ó pa á rẹ́, ó kọ 7.