Ìsàlẹ̀ Ògiri Ló Ń Jẹ Owó

Ìbàdàn, Sátidé, oṣù Ọ̀pẹ̀

Ọdún ń bọ̀, gbogbo àdúgbò ló ń kun ilé. Pẹ́ńtà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ kò sí láti Mọ́kọlá dé Sángo. Èyí tó bá sì yọjú, iye tó máa pè á mú kí èèyàn tún ògiri rẹ̀ wò, kó ní, "Àbí kò tiẹ̀ tíì dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀?" Tiwa dọ̀tí. Táíwò àti Kẹ́hìndé ti fi bírò, ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ àti ọwọ́ epo àkàrà ṣe ohun tó wù wọ́n sí ògiri pálọ̀, láti ilẹ̀ títí dé ibi tí apá wọn ga dé. Lókè ibẹ̀, ògiri ṣì mọ́ díẹ̀, àfi eruku àti èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn. Ohun tí mo rí lára ògiri yẹn náà ni mo gbé sọ́kàn lọ sọ́jà.

Bàbá Ìbejì ní ká jẹ́ kó di lẹ́yìn ọdún. Mo ní ṣé inú ìdọ̀tí yìí la ti máa gbàlejò? Èésú ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn mí ni. Kò tó san owó iṣẹ́ pẹ́ńtà, àmọ́ ó tó ra ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti rólà. Ọwọ́ tó máa kùn ún, mo ní méjì.

Ọmọkùnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà tí mo yà sí kò jẹ́ kí n mí tó fi bẹ̀rẹ̀: "Mọ́mì, bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ló ń yá jù. Ẹ gbé e, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ẹ́múlṣọ̀n ni, ọ̀dà ògiri tí kì í dán, oní-lítà 20. Nígbà tí mo béèrè sátíìnì, èyí tó ń dán díẹ̀ tó sì ṣeé fọ̀, ó kọ́kọ́ wo bàtà ẹsẹ̀ mi kó tó dárúkọ iye rẹ̀. Owó bọ́kẹ́ẹ̀tì sátíìnì kan á ra mẹ́ta nínú ẹ́múlṣọ̀n tó ń polówó fún mi, owó búrọ́ọ̀ṣì á sì tún kù níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ti orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ike nìkan. Èròjà funfun tó ń jẹ́ kí ọ̀dà bo àbàwọ́n ògiri, titanium dioxide, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, ó sì wọ́n. Gọ́ọ̀mù tó ń di ọ̀dà mọ́ ògiri náà wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọ̀dà ní pọ́ọ́kú á dín méjèèjì kù, á wá fi lẹ́búlẹ́bú òkúta funfun, calcium carbonate, kún un kó lè ki. Ó sì máa ń ki lóòótọ́. Ìgbà tó bá gbẹ tán lẹ tó máa mọ ohun tí ẹ rà.

N kò fẹ́ dúró dìgbà yẹn. Mo ní kó ṣí ike ẹ́múlṣọ̀n méjì tí owó wọn sún mọ́ra. Mo fi igi rò wọ́n láti ìdí, torí lẹ́búlẹ́bú yẹn máa ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sídìí ike, tí wọ́n bá sì fi òkè rẹ̀ nìkan hàn yín, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Mo fi díẹ̀díẹ̀ kun ara páálí, mo gbé e sínú oòrùn, mo lọ ra ata. Ọyẹ́ ti dé, oòrùn sì mú. Kí n tó padà, ó ti gbẹ. Mo rẹ etí ìborùn mi sínú píọ̀ wọ́tà, mo fi nu ọ̀dà náà. Ọ̀kan ṣí bí àtíkè, gbogbo ìka mi funfun. Èkejì kàn yọ díẹ̀ sára aṣọ. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ni?" Èkejì ni mo gbé, owó rẹ̀ fi díẹ̀ lé sí ti àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, ẹ́múlṣọ̀n ni ẹ́múlṣọ̀n ń jẹ́. Bí Kẹ́hìndé bá fi ọwọ́ epo kàn án, ọṣẹ tó máa mú epo yẹn kúrò á mú ọ̀dà kúrò pẹ̀lú. Sátíìnì ló ń gba kàn-ìn-kàn-ìn. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ọwọ́ epo kan òkè ògiri? Ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé àtijọ́: ìsàlẹ̀ ṣú, ó ń dán, ó ṣeé fọ̀; òkè jẹ́ kíríìmù lásán. Àwọn tó kun ibẹ̀ kò ṣe é fún fáàrí. Ibi tí ọwọ́, èjìká àti ẹ̀yìn àga ń kàn ni wọ́n náwó sí.

Mo jókòó sórí àga onítìmùtìmù wọn, mo fi fóònù ṣírò rẹ̀. Pálọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 lóròó àti níbùú, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 10. Ẹ yí i po, ẹsẹ̀ bàtà 48 ni. Tí mo bá fi sátíìnì kun ẹsẹ̀ bàtà 4 láti ilẹ̀ lọ sókè, tí mo yọ ẹnu ọ̀nà kúrò, kò ju mítà onígun mẹ́rin 17 lọ. Kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì á sọ ọ́ di 34. Lítà kan sátíìnì tó dára máa ń kun nǹkan bíi mítà 10 lórí ògiri tó jọ̀lọ̀. Gálọ̀ọ̀nù kan, lítà 4, ti tó nìyẹn, á sì ku ìwọ̀nba tí màá fi máa tún ibi tó bá họ ṣe. Gálọ̀ọ̀nù kan péré! Láti àárọ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù owó bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní ti àwọ̀, eérú ló gbòde, kò sí ilé tuntun tí ẹ ò ní bá a. N kò fẹ́ ẹ. Fèrèsé pálọ̀ wa kò fẹ̀, eérú á sọ ibẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ lọ́sàn-án gangan. Sátíìnì àwọ̀ obì ni mo mú fún ìsàlẹ̀. Fún òkè, ẹ́múlṣọ̀n funfun ni mo rà, mo wá ra sítáínà àwọ̀ ìyeyè, ìgò kékeré, mo ń kán an sínú rẹ̀ tí mo ń rò ó títí ó fi di kíríìmù. Gbogbo èyí tí màá lò fún pálọ̀ ni mo pò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá pò ó ní ìdajì ìdajì kò ní rí àwọ̀ kan náà mú lẹ́ẹ̀kejì, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n pò tó.

Àmọ́ kí a sọ tòótọ́, ara ògiri ni iṣẹ́ wà ju inú ọ̀dà lọ. Omi ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ fi fọ epo kúrò, torí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ epo. Ibi tí ọ̀dà àtijọ́ ti ń ṣí, mo fi sìkírépà ha á títí mo fi dé ibi tó dúró gírí. Lẹ́yìn àga gígùn, ìdí ògiri ti hu iyọ̀ funfun. Omi tó ń gòkè láti inú ilẹ̀ ló ń gbé iyọ̀ inú símẹ́ǹtì jáde. Omi á gbẹ, iyọ̀ á kù lójú ògiri, á máa ti ọ̀dà kúrò níbẹ̀. Wọn kì í fi omi fọ ìyẹn, ṣe ni omi á tún gbé e wọlé padà. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ni mo fi gbọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, mo sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí ọyẹ́ fẹ́ sí i. Ibẹ̀ nìkan ni n kò fi sátíìnì kàn. Sátíìnì á sé omi mọ́nú, á wá lé ròrò. Mo fi sítáínà pò ẹ́múlṣọ̀n díẹ̀ kó sún mọ́ àwọ̀ obì, mo fi kùn ún. Àga á bò ó. Ọwọ́ ọmọ kankan kò sì dé ẹ̀yìn rẹ̀.

Fèrèsé wa ló bà mí lẹ́rù díẹ̀. Bàbá ọkọ mi ló kọ́ ilé yìí, gílọ́ọ̀sì, ọ̀dà epo tó ń dán, tó wà lára irin fèrèsé náà ti pẹ́ níbẹ̀. Irú gílọ́ọ̀sì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lè ní òjé nínú, pàápàá èyí tó bá pupa tàbí tó pọ́n bí ìyeyè, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní 2021 ni NAFDAC gbé ìlànà jáde pé òjé inú ọ̀dà kò gbọdọ̀ ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dà ara irin wa ti dàgbà ju ìlànà náà lọ fíìfíì. Mo kó àwọn ìbejì lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà ní Bẹẹrẹ. Mo fi omi rin sáńpépà kí eruku má baà gbéra, mo fi aṣọ tutù nu gbogbo ilẹ̀, mo sì sọ aṣọ náà nù. Àjà wa náà, asbestos ayé ijọ́un ni. N kò fi sáńpépà kàn án rárá, nínù ni mo rọra nù ún.

Ibi tí mo ti ń kun àjà lánàá ni Bàbá Àfúsá, aládùúgbò wa, ti gba ojú fèrèsé kí mi. "Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àwọn ọkùnrin ti tán nílùú ni?"

Mo ní, "Wọn ò tán, bàbá. Wọ́n ti wọ́n jù ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣì ń jà lọ́kàn mi. Ní Ilé-Ifẹ̀, obìnrin ló ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè nígbà ọdún. Ìyá ọkọ mi sì máa ń sọ pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé lábúlé, àwọn ìyá ló ń fi bọ́tọ àti ewé pa ilé títí táá fi jọ̀lọ̀. Ìgbà tí ọ̀dà wọ inú ike ló di iṣẹ́ ọkùnrin.

Òní ló kan sátíìnì. Ilẹ̀ ilé wa kò tẹ́jú, nítorí náà tí mo bá wọn ẹsẹ̀ bàtà 4 láti ilẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, ìlà á wọ́. Mo yá rọ́bà omi lọ́wọ́ bíríkìlà kan: rọ́bà gígùn tí ojú ń rí inú rẹ̀, omi wà nínú rẹ̀. Ibi tí omi bá dúró sí lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí lọ́wọ́ Dámiláre, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní igun kejì. A sàmì, a na okùn láti igun dé igun, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà, mo lẹ pépà tépù sókè ìlà náà. Mo wá fi ẹ́múlṣọ̀n kíríìmù kan náà tó wà lókè ra etí tépù. Òun ló máa dí àwọn ihò tínńtín tí sátíìnì lè gbà yọ́ wọ abẹ́ tépù. Nígbà tó gbẹ, mo kun sátíìnì. Mo fi náílọ́ọ̀nù wé rólà kó má gan, mo jẹun, mo tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì nírọ̀lẹ́, kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ má baà gbẹ ẹ́ kí rólà tó padà débẹ̀. Ọ̀dà ṣì tutù nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí tépù, tí mo ń fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ìlà náà mú ṣáṣá yí pálọ̀ ká. Dámiláre yọ fóònù, ó ń ya fọ́tò.

Bàbá Ìbejì ti ìpàdé ẹgbẹ́ dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, eléyìí mà dára o. Ṣé ọ̀dà kù?"

Ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ́múlṣọ̀n kù. Wọn ò tíì mọ̀ pé yàrá tiwa ló kàn lọ́la tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, pé àwọn ni wọ́n sì máa bá mi di àkàbà mú.