Mo Bẹ Òjò, Òjò Wá Bá Mi Nílé

Èmi ni mo pe òjò yẹn. N ò lè sẹ́, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ohùn mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ọ̀dá fi dá wa, láràárọ̀ ni mo sì ń bọ́ sẹ́yìnkùlé, tí mo ń gbójú sókè bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá sin gbèsè. Fóònù mi náà dá kún un. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òjò yóò rọ̀ lọ́la. Bí ọ̀la bá dé, á tún ní ó dọ̀la. Mo ti rí onígbèsè láyé mi, àmọ́ èyí tó lójú líle tó fóònù yẹn ṣọ̀wọ́n.

Kí ẹ má baà máa ro oko ńlá, ọgbà mi ò ju ohun tí ewúrẹ́ kan lè jẹ tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ebè tòmátì méjì, ata díẹ̀, ilá tí mo mọ iye rẹ̀ lórí, àti ojú ilẹ̀ kékeré kan tí mo fi sílẹ̀ de ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ẹni, wọ́n á rò pé mo ní katakata mẹ́ta nílé.

Ọ̀dá yẹn kọ́ mi ní ohun tí mi ò mọ̀. Ó le débi pé ilẹ̀ ò gba omi mọ́. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣe gbẹ tó ni òùngbẹ á ṣe gbẹ ẹ́ tó. Irọ́ ni. Erùpẹ̀ tó bá gbẹ ní àgbẹjù, ṣe ló ń kọ omi. Mo da omi sí ìdí tòmátì, omi ń yí bíríbírí lórí erùpẹ̀ bí ẹni pé ewé kókò ni, ó gba ẹ̀gbẹ́ ebè sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Tòmátì ń kú lọ, koríko ojú ọ̀nà ń sanra. Koríko yẹn dúdú, ó tutù yọ̀yọ̀. Àlejò kan tiẹ̀ bi mí pé irú ajílẹ̀ wo ni mo fi sí i.

Màmá ilé kejì dúró lẹ́yìn ọgbà onígi tó wà láàárín wa, wọ́n wò mí títí.

“Ọmọ mi, ṣé ò ń fọ ilẹ̀ ni?”

Mo ní mò ń bomi rin ọgbà ni. Wọ́n ní kí n máa bu díẹ̀ sí i, kí n dúró kó fà á mu, kí n tún bu díẹ̀. Wọ́n tún ní kí n wá koríko gbígbẹ fi bo ìdí àwọn irúgbìn náà, kí oòrùn má baà fa gbogbo omi inú ilẹ̀ jáde. Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́. Èmi wá ń rò ó nínú ara mi pé koríko tí mo fi ẹ̀yìn dídùn tu kúrò nílẹ̀, ni kí n tún fi ọwọ́ ara mi kó padà? N ò ṣe é.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa gbàgbé ọgbà náà fún ọjọ́ márùn-ún, bí ẹ̀rí ọkàn bá dé, mo máa da korobá mẹ́wàá sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ tí ìdí àwọn èso tòmátì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mo ní kòkòrò ni. Mo wọ́n eérú, mo fọ́n oògùn, mo fi tọ́ọ̀ṣì ṣọ́ wọn lóru bí ọdẹ. Kòkòrò kankan ò sí níbẹ̀. Èmi gan-an ni kòkòrò náà. Èròjà kálísíọ́ọ̀mù tí èso fi ń dàgbà, inú omi ló ń wọ̀ bí èrò tó wọkọ̀. Bí ọkọ̀ ò bá wá déédéé, ibùdókọ̀ ló ń sùn sí, ìdí èso á sì dúdú.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá di oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Mo dá ọgbọ́n mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì dára nígbà tí oòrùn ń ràn. Àkọ́kọ́, mo wó ebè tòmátì kan, mo sọ ọ́ di kòtò, kí omi lè dúró síbẹ̀ dípò kó máa sá lọ bá koríko ojú ọ̀nà. Mo kó àwọn tòmátì náà padà sínú rẹ̀. Ìkejì ni àgbá. Mo wá àgbá onílítà 200, mo gbé e sórí búlọ́ọ̀kù méjì lábẹ́ páìpù tó ń kó omi òrùlé jọ.

Ẹ wá wo ìṣirò tí mo fi ẹfun ṣe sára ògiri, tí mo sì pe ìyàwó mi wá wò. Òjò tó bá rọ̀ dé mílímítà kan lórí òrùlé tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan ló bọ́ síbẹ̀ yẹn. Òrùlé tèmi tó wà lápá ẹ̀yìn jẹ́ mítà mẹ́jọ ní mítà márùn-ún. Ìyẹn lítà 40 fún mílímítà kan. Bí òjò bá rọ̀ dé mílímítà márùn-ún péré, àgbá mi ti kún! Ìyàwó mi wo ògiri, ó wo àgbá, ó wo búlọ́ọ̀kù.

“Olówó orí mi, bó bá wá kún ńkọ́?”

“Bó bá kún, ó kún nìyẹn.”

Ìṣirò omi tó máa wọlé ni mo ṣe. N ò rántí ṣe ti bó ṣe máa wúwo tó. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ilẹ̀ amọ̀ sì ni búlọ́ọ̀kù méjèèjì dúró lé, amọ̀ tó jẹ́ pé bó ṣe ń le bí irin nínú ọ̀dá náà ló ṣe ń dẹ̀ bí ìyẹ̀fun pípò bí omi bá kàn án.

Ọgbọ́n kẹta ni tẹ̀tẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú dùdù. Inú mi dùn, mo sáré fọ́n hóró tẹ̀tẹ̀ sí ojú ilẹ̀ tí mo fi pamọ́ dè é. Hóró náà kéré bí iyanrìn, béèyàn bá sín, ó ti pòórá. N ò bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, mo ní òjò á bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo wá kọ “TẸ̀TẸ̀” gàdàgbà sára pátákó pẹlẹbẹ kan, mo rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Òjò dé lóru. Mo fi ṣòkòtò péńpé jáde, mo jó! Mo ń ké pé “Rọ̀! Rọ̀! Má dáwọ́ dúró!” Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní kí n wọlé kí òtútù má mú mi. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ kí n bá àlejò mi ṣeré.

Kò tó wákàtí kan tí àgbá kún. Òjò ò mọ̀ pé ó ti kún. Omi ń ya létí àgbá, ó ń ya sí ìdí búlọ́ọ̀kù, mo sì rí i tí búlọ́ọ̀kù ọwọ́ òsì rọra ń wọlẹ̀ lọ. Àgbá fì díẹ̀. Ó tún fì, bí ọ̀mùtí tó ń wá ògiri. Ni mo bá sáré lọ dì í mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ohun tó wà lọ́kàn mi. Kílò 200! Mo dì í mú bí ẹni dì mọ́ ẹbí tó ti òkè òkun dé. Àwa méjèèjì wo ara wa fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì yàn láti wá sọ́dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fò sọ́tùn-ún, àgbá ṣubú lulẹ̀, omi tí mo fi ìṣirò kó jọ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gba àárín ata kọjá, ó gbá hóró tẹ̀tẹ̀ lọ pẹ̀lú pátákó rẹ̀, ó gba abẹ́ ọgbà onígi jáde, a ò rí i mọ́.

Èmi náà, inú kòtò tòmátì ni mo jókòó sí. Kòtò tí mo gbẹ́ kí omi má baà sá lọ. Omi ò sá lọ lóòótọ́, ó dé ìdodo mi. Kònkò kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ó sì wò mí bí onílé ṣe ń wo àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.

Ohùn ìyàwó mi wá láti ojú fèrèsé: “Àwọn àgbà ní ká má tìtorí òjò tó ṣú da omi àmù nù. Ẹ̀yin dúró kí òjò máa rọ̀ lọ́wọ́ ná kẹ́ ẹ tó dà á nù.” Ó ti fèrèsé. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú kòtò.

Òjò náà rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn tòmátì tí ọ̀dá dá sí bẹ̀rẹ̀ sí í sán lára, torí pé inú wọn ń wú ju awọ wọn lọ. Ìgbín dé. Tańwíjí gba ìwọ̀nba omi tó kù nínú àgbá, torí mi ò fi nǹkan dé e. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ kẹwàá, nígbà tí oòrùn yọ tí mo rí i pé gbogbo ewé tòmátì inú kòtò ti rọ wọ̀ọ̀. Ewé tó bá rọ, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, àbí? Ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ mi nìyẹn. Mo gbé korobá. Mo rọ́ ẹrọ̀fọ̀ kọjá, mo dúró nínú omi tó bo ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin tòmátì.

“Ọmọ mi.” Màmá ni, lẹ́yìn ọgbà. “Ẹni tó ń kú sómi lò ń fún lómi mu yẹn.”

Gbòǹgbò náà ń mí, wọ́n ní. Bí omi bá dí gbogbo ihò tí atẹ́gùn ń gbà nínú ilẹ̀, gbòǹgbò á kú, kò ní lè fa omi mọ́, ewé á sì rọ bíi ti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ láàárín odò. Mo dúró pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. N ò mọ ibi tí mo máa dà á sí.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí. Ohùn wọn dùn. “Wá wo iṣẹ́ Olúwa!”

Mo yọjú. Lápá tiwọn, láti ìdí ọgbà onígi títí dé ibi tí koríko gbígbẹ wọn bẹ̀rẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pọ̀ lọ súà. Ó tutù, ó ń dán, ewé rẹ̀ gbòòrò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

“N ò gbìn ín o,” wọ́n ní. “N ò bomi rin ín. Mo kàn jí lọ́jọ́ kan ni mo rí i tó ń hù.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa pátákó pẹlẹbẹ kan yọ láàárín ẹ̀fọ́ náà, wọ́n nù ún mọ́ ìró. “Olúwa tó gbìn ín tún bá mi kọ orúkọ sí i. Wò ó.”

Mo wò ó. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Olúwa yẹn dáadáa. Mo wo ojú wọn bóyá wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, n ò rí nǹkan kan níbẹ̀, àfi pé etí ẹnu wọn ń gbọ̀n díẹ̀.

Wọ́n já ìdì kan fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, Màmá, ẹ kú oore. Bí mo ṣe ń kọjá lọ, wọ́n fi ìdì koríko gbígbẹ kan lé mi lọ́wọ́ kejì, wọ́n ní èyí náà ọ̀fẹ́ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbà á.

Ìyàwó mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ̀fọ́ yìí mà dára o! Níbo lẹ ti rí i?”

“Ọgbà ni.”

“Ọgbà ta ni?”

Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣà á ná.