Ẹ ṣírò iná kí ẹ tó ka kọ̀ǹpútà: ìmọ̀ràn fún ẹni tó ń kọ ìwé ètò fún ilé ẹ̀kọ́

Ọ̀pọ̀ ìwé ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìkàwé ń kọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ìwé ọjà lásán ni: láptọ́ọ̀pù 20, purojẹ́kítọ̀ 1, íntánẹ́ẹ̀tì, ó tán. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó fẹ́ dáwó á kà á tán, wọn ò ní mọ ohun tí ọmọ kankan máa fi ṣe. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ ìwé, kí iná tẹ̀ lé e, kí kọ̀ǹpútà ṣe ìkẹta.

Ẹ kọ ohun tó ṣeé wọ̀n. "Kí gbogbo ọmọ SS3 ṣe ìdánrawò JAMB lórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀" ṣeé wọ̀n. Láti 2015 ni UTME, ìdánwò JAMB náà, ti kúrò lórí bébà pátápátá. "Kí a lè bá ayé mu" kò ṣeé wọ̀n. Ní ti ilé ìkàwé, "kí òǹkàwé mọ̀ bóyá ìwé wà nílẹ̀ kó tó dé ìdí ṣẹ́ẹ̀fù" ti tó. Koha, ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìkàwé, á ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni.

Wàyí o, iná. Láptọ́ọ̀pù kan ń jẹ bíi wáàtì 50. 20 á jẹ 1,000. Tí ẹ bá lò wọ́n fún wákàtí 5, yúnítì 5 nìyẹn, bí ẹni ń ka mítà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì pẹ̀lú ojú rẹ̀ lè jẹ wáàtì 120, 20 rẹ̀ á sì jẹ yúnítì 12 láàárín wákàtí 5 yẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn àtira ti orí tábìlì, bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó.

Bátìrì túbúlà (bátìrì ìnfátà tí à ń bu omi sí) 12V, 220Ah, gba yúnítì 2.6, ṣùgbọ́n ẹ má lò ó kọjá ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní pẹ́ kú. Mẹ́rin ló máa fún yín ní bíi yúnítì 5, ìnfátà á sì tún bù díẹ̀ jẹ níbẹ̀. Páńẹ́lì 400W márùn-ún lè kó yúnítì 8 jọ lórí bébà bí oòrùn gidi bá ràn fún wákàtí 4. Ooru, wáyà àti eruku ọyẹ́ á fà á wálẹ̀ sí bíi 6. Lásìkò òjò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ẹni tó máa fọ páńẹ́lì àti ẹni tó máa bu omi sí bátìrì sínú ètò. Omi bátìrì ni o, kì í ṣe omi kànga.

Kì í sábà jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń dá ìnfátà dúró. Ẹ̀rọ fọ́tòkópì ọ́fíìsì ni. Bó bá ń gbóná, ó lè fa wáàtì tó ju 1,000 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìnfátà 2kVA tó ti gbé láptọ́ọ̀pù 20 á sì kú. Wáyà yàrá kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ dé ọ́fíìsì ọ̀gá rárá, bí wọ́n tilẹ̀ bẹ̀ yín.

Tòkunbọ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5, ìyẹn orúkọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà: i5-8250U wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11, i5-6300U kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń tà á á ní òun ti fi Windows 11 sí i. Ńṣe ló dọ́gbọ́n fi í sí i. Èyí tó bá ti gbó, ẹ fi Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ dípò Windows, sí i.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dán síìmù wò nínú yàrá náà gan-an ní agogo 11 àárọ̀, kì í ṣe lẹ́nu géètì. Ẹ fi Kiwix, ètò tó ń jẹ́ kí èèyàn ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, sórí kọ̀ǹpútà kan: Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì lódindi lé ní 100GB, àwọn ọmọ á sì máa kà á láìsí dátà.

Nínú gbogbo náírà 100, ẹ fi 30 pamọ́ fún àtúnṣe. Bátìrì túbúlà kì í sábà ju ọdún 3 sí 5 lọ, nítorí náà owó tí ẹ máa fi pààrọ̀ rẹ̀, ọdún kìn-ín-ní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú jọ. Ẹ kọ́ tíṣà méjì, ẹ má kọ́ ẹyọ kan: ìjọba lè gbé e lọ sí Ṣakí láàárín táàmù, kó sì mú páásìwọ́ọ̀dù lọ.