Bí ẹ bá fẹ́ kí aṣòfin yín fọwọ́ sí àbá: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ogun bá lé àwọn èèyàn kúrò nílé, bí ìdọ̀tí bá ń ṣàn wọ odò, tàbí bí ebi bá ń pa ọmọ ilé ìwé, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Ẹ kọ̀wé sí MP yín (ìyẹn aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò yín) kó fọwọ́ sí EDM.” Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Àmọ́ ìfọwọ́sí yẹn nìkan kì í sábà yí nǹkan kan padà. Ohun tí ẹ bá ní kí aṣòfin náà tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

EDM, ìyẹn Early Day Motion, ni àbá tí aṣòfin gbé kalẹ̀ ní House of Commons, ilé aṣòfin tí àwọn ará ìlú dìbò yàn, láìsí ọjọ́ tí wọ́n dá pé àwọn máa jíròrò rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í dé orí ìjíròrò. Wọ́n wà fún kí ọ̀rọ̀ lè wọ inú àkọsílẹ̀ ilé, kí ìjọba sì rí iye aṣòfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan ló ń gbé e lọ sí Table Office, ọ́fíìsì tó ń gba àbá nínú ilé náà, àwọn márùn-ún míì lè bá a ṣe onígbọ̀wọ́, àwọn yòókù á wá máa fi orúkọ tiwọn kún un.

Kí ẹ tó bẹ ẹnikẹ́ni, ẹ ka àbá náà fúnra yín lórí ìkànnì ilé aṣòfin. Kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 250 lọ, gbólóhùn kan ṣoṣo sì ni, bó ti wù kó gùn tó. Bí a bá fi Yorùbá kọ ọ́, báyìí ni ì bá ṣe rí: “Pé Ilé yìí ṣàkíyèsí pé ìdọ̀tí ń ṣàn wọ odò, pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí àwọn ọmọdé tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, pé ó sì ń ké sí Ìjọba láti máa gbé àbájáde àyẹ̀wò omi náà jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.” Apá tó gbẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bó bá jẹ́ pé “kí Ìjọba túbọ̀ sapá” ló wà níbẹ̀, mínísítà á ní àwọn ti ń sapá, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Bó bá dárúkọ iṣẹ́ kan pàtó, kò ní rọrùn fún un láti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá wà níwájú ilé ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀.

EDM 178 ti ọdún 2005 ni mo máa ń tọ́ka sí. Òfin lórí àyípadà ojú ọjọ́ ló béèrè fún. Friends of the Earth, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká, tì í lẹ́yìn, àwọn ará ìlú ń kọ̀wé sí aṣòfin wọn, títí tí aṣòfin 412 nínú 646 fi fọwọ́ sí i. Òfin náà, Climate Change Act, jáde ní 2008. Àbá tó ń rí bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ o. Ọ̀pọ̀ kì í ní ju orúkọ díẹ̀ lọ.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń bínú lásán rèé: mínísítà, whip (aṣòfin tó ń kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti dìbò) àti Parliamentary Private Secretary (aṣòfin tó ń ran mínísítà lọ́wọ́) kì í sábà fọwọ́ sí EDM. Speaker, ìyẹn olórí ilé, àti àwọn igbákejì rẹ̀ náà kì í fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé wọn ò láàánú. Bí aṣòfin yín bá wà lára wọn, ẹ ní kó fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí mínísítà tí ọ̀rọ̀ kàn, kó sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ fún orílẹ̀-èdè míì ń lọ sí Foreign, Commonwealth and Development Office (iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè), ti odò àti afẹ́fẹ́ ń lọ sí Defra (iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ àyíká), ti ọmọdé ní England sì ń lọ sí Department for Education (iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́). Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Scotland, Wales tàbí Northern Ireland, ilé aṣòfin tiyín níbẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ilé ìwé àti ìtọ́jú ọmọ.

Nínú lẹ́tà, àdírẹ́sì yín ni kó ṣáájú, pẹ̀lú postcode. Aṣòfin kì í dá sí ọ̀rọ̀ ará ẹkùn ìdìbò ẹlòmíràn, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á sì pa lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì tì. Kò di dandan kí ẹ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pé ẹ ń gbé ládùúgbò náà ti tó. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀ tún lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, torí Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ẹ kọ nọ́ńbà àti àkọlé EDM náà sínú gbólóhùn àkọ́kọ́, ẹ sọ bó ṣe kan àdúgbò yín, ẹ wá béèrè ohun tí ẹ fẹ́. Ojú ìwé kan ti tó. Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ kan ti kọ sílẹ̀ tí ẹ kàn fi orúkọ sí, èsì àdàkọ ló máa ń mú wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ ọmọ kankan sí i. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan ṣoṣo kì í ṣe ti EDM; ọ̀dọ̀ council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ló ń lọ, bí ewu bá sì wà lórí ọmọ náà lọ́wọ́lọ́wọ́, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kí ẹ pè.

Bí aṣòfin yín bá ti fọwọ́ sí EDM náà, ẹ tún kọ̀wé. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ ní kó fi ìbéèrè sílẹ̀ fún mínísítà, torí dandan ni kí ìjọba dá irú rẹ̀ lóhùn lákọsílẹ̀. Ẹ lè ní kó tọrọ adjournment debate: ìdajì wákàtí ní ìparí ìjókòó, mínísítà á sì wà níbẹ̀ láti fèsì. Bí ẹ bá lérò lẹ́yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí ìkànnì ilé aṣòfin. Tí ìfọwọ́sí bá pé 10,000, ìjọba á fèsì. Tó bá pé 100,000, wọ́n á gbé ìjíròrò lórí rẹ̀ yẹ̀ wò. Oṣù mẹ́fà péré ló ń wà ní ṣíṣí.

Ẹ máa fojú sí ìgbà tí sáà ilé máa parí. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo EDM inú rẹ̀ ń kú, orúkọ tó wà lórí wọn kò sì ní bá wọn wọ sáà tuntun. Aṣòfin gbọ́dọ̀ tún un gbé kalẹ̀, á gba nọ́ńbà míì, ẹ̀yin náà á sì tún kọ̀wé. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà yín.