Ohun tí mo kọ́ nípa òfin tó de ẹ̀rọ tí ń wádìí irọ́ níbi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ní Amẹ́ríkà, nínú gbogbo òfin iṣẹ́ tí ẹ ó máa bá àwọn òṣìṣẹ́ yẹ̀ wò, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ dunjú ni òfin ọdún 1988 tó dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ polygraph, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń wádìí irọ́. Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu òṣìṣẹ́ ni bóyá ẹ̀rọ náà máa ń mọ òótọ́. Mímí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti òógùn ara ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀n. Kò rí irọ́ rárá, ẹni tí ẹ̀rù ń bà sì lè làágùn ju òpùrọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin kọ́kọ́ ń wò ni ohun tí agbanisíṣẹ́ ṣe. Bí ilé-iṣẹ́ aládàáni bá pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ tàbí ẹni tó ń wáṣẹ́ ṣe àyẹ̀wò náà, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é, tàbí tó kàn dá a lábàá, ó ti rú òfin, àfi tí ó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ ní òun gbà, ìyẹn kò wẹ agbanisíṣẹ́ mọ́, nítorí pé òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀, àfi nínú ìwé ìparí ẹjọ́ tí tọ̀túntòsì fọwọ́ sí.

Òfin náà kò kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba. Ó tún fún àwọn ilé-iṣẹ́ sikiọ́ríìtì kan, àtàwọn tó ní àṣẹ láti ṣe oògùn tí ìjọba ń ṣàkóso tàbí láti pín in, ní àyè díẹ̀, tó ní ààlà tirẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù lọ ni ìwádìí olè jíjà, tí òfin náà tún yọ sílẹ̀ pẹ̀lú ààlà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gbà wọlé. Mo ti ka ìwé kan rí tí ilé-iṣẹ́ kan kọ sí àwọn tó ń gbowó ní káńtà rẹ̀. Ó ní owó ti ń dín, àti pé gbogbo ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìwé náà kò sọ iye tó sọnù, kò sọ ọjọ́ tó sọnù, kò sì sọ ìdí tí wọ́n fi fura sí ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, òfin ní kí àdánù kan pàtó wà tí wọ́n ń wádìí, kí òṣìṣẹ́ náà ti lè dé ibi tí nǹkan náà wà, kí ìfura tó nídìí sì wà lórí òun gan-an. Níní kọ́kọ́rọ́ nìkan kì í ṣe ìfura. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí aláṣẹ ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí, kí ó sì tẹ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ó kéré tán ní wákàtí 48 ṣáájú àyẹ̀wò, láìka òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn.

Bí ìwé bá pé, òṣìṣẹ́ ṣì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí gbogbo ìbéèrè ní kíkọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ bi í ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, òṣèlú tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó sì lè dìde kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ilé-iṣẹ́ kò sì lè torí èsì ẹ̀rọ nìkan, tàbí torí pé ó kọ̀ láti ṣe é, lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìsí ẹ̀rí mìíràn. Ó dùn mọ́ mi gidigidi pé ẹ̀ka yìí wà, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n máa ń rò pé èsì burúkú ti parí ọ̀rọ̀ òun.

Ọdún mẹ́ta ni òṣìṣẹ́ ní láti pe ẹjọ́, nítorí náà ẹ tètè bèèrè ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ tún wo òfin ìpínlẹ̀, torí pé òfin àpapọ̀ kò pa èyí tó le jù ú lọ rẹ́. Ní Massachusetts, fún àpẹẹrẹ, fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ gan-an gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ń wáṣẹ́ pé kò bófin mu láti fi irú àyẹ̀wò yìí ṣe òdiwọ̀n ìgbàsíṣẹ́. Bí ẹ bá ní oníbàárà láti ibẹ̀, ẹ ní kó mú fọ́ọ̀mù tó kọ́kọ́ kún wá.