Bí kíláàsì kàtàmáránì kékeré ṣe ń dàgbà láìsí díílà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: ọkọ̀ tuntun kọ́ ló ń mú kíláàsì ìdíje kàtàmáránì, ìyẹn àwọn ọkọ̀ ìgbòkun alápá méjì tó jẹ́ irú kan náà, dàgbà, àlòkù ni.

Nígbà tí kàtàmáránì Hobie 16 jáde láyé ọdún 1970, àwọn díílà wà lẹ́yìn rẹ̀. Díílà ní ọkọ̀ tí oníbàárà lè gùn wò, ó ní páàtì, ó sì ń gba àlòkù lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra tuntun. Kíláàsì tí kò ní díílà kò bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Àwa tá à ń wa ọkọ̀ náà la pín in ṣe.

Páàtì ló ká mi lára jù. Ẹ ní àpótí kan létí omi: okùn, bóòtù, irin tó so ìtọ́kọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, àti ìdérí ihò omi. Ìdérí yìí kò ju àtàǹpàkò lọ, àmọ́ bó bá sọnù láàárọ̀ ìdíje, ọkọ̀ yẹn ò lọ síbì kankan mọ́, torí omi á máa rọ́ wọnú rẹ̀. Mo rí ọmọkùnrin kan tó kúnlẹ̀ tó ń tú iyanrìn kiri nígbà tí àwọn yòókù ti ta ìgbòkun. A mú ọ̀kan fún un látinú àpótí, ó bá wọn dé ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, kó ra òmíràn rọ́pò rẹ̀. Òfin àpótí nìyẹn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá wà nílẹ̀ títí nítorí irin kékeré kan, títà ló máa tà á.

Ní ti àlòkù, kí ẹnì kan máa mọ ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń wá, kí ẹni tó mọ ọkọ̀ sì bá ẹni tuntun lọ wò ó. Èmi máa ń fi àtàǹpàkò tẹ òkè apá ọkọ̀ méjèèjì, pàápàá níwájú ọ̀pá ìdábùú tó so wọ́n pọ̀. Bó bá ń rọ̀, fáíbà ti ń ṣí kúrò lára fóòmù inú nìyẹn. Màá ní kó fi í sílẹ̀, bó ti wù kó máa dán tó. Ẹni tó ń tà lè dì mí sínú; kò burú.

Bẹ́ ẹ bá ṣì kéré níye, ẹ má jókòó de ìdíje tiyín nìkan. Ẹ bá àwọn kàtàmáránì mìíràn díje lábẹ́ ìṣirò SCHRS, tó ń fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tún àkókò rẹ̀ ṣe kí ìdíje lè dọ́gba. Gígùn, ìwúwo àti bí ìgbòkun ṣe fẹ̀ tó ló ń wò, torí náà ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè tètè gba nọ́ńbà. Èsì ìdíje tó ti kọjá ni Portsmouth Yardstick, ìṣirò mìíràn bẹ́ẹ̀, ń lò ní tirẹ̀. Ibo ni kíláàsì kékeré á ti rí èsì tó pọ̀ tó?

Òfin tó sọ bí wọ́n ṣe lè kan ọkọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ní A-Class, kíláàsì kàtàmáránì mìíràn, bí gígùn kò bá ju mítà 5.49 lọ, tí fífẹ̀ kò ju 2.30 lọ, tí ìwúwo kò sì dín ní kílò 75, tí ìgbòkun náà sì bófin mu, ẹnikẹ́ni lè kàn án. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kógbá sílé, òmíràn á máa bá a lọ.

Tí ọkọ̀ tuntun bá wá di dandan, ẹ dara pọ̀ rà á. Bí wọ́n bá tú ọ̀pá ìdábùú kúrò, ọ̀pọ̀ apá ọkọ̀ á wọ kọ̀ǹténà kan. Ẹ ní kí ẹni tó ń kàn án kó páàtì sínú kọ̀ǹténà yẹn náà, kẹ́ ẹ sì gba owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó fẹ́ rà kí ẹ tó fún un níṣẹ́.