Àyẹ̀wò ọdún 2025: Ọdún àkọ́kọ́ mi nídìí ìwé Ìjọ

Nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò ní páríìṣì, ìyẹn ìjọ àdúgbò, wá sí ọ́fíìsì àkídáyọ́sísì Kátólíìkì, níbi tí bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti ń darí àwọn páríìṣì, n'Ìbàdàn níbí, ńṣe ni àwọn ọmọ ìjọ ń bá mi kẹ́dùn. "Fadá, ṣé ìdí fáìlì lẹ ó wá máa jókòó sí?" Ìdí fáìlì náà ni mo jókòó sí lóòótọ́, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n gbé mi wá.

Ìwé ìrìbọmi, tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ṣèrìbọmi sí, ló gba àkókò mi jù. Òfin Ìjọ ní dandan ni kí páríìṣì kọ̀ọ̀kan ní in. Ibikíbi téèyàn bá ti ṣègbéyàwó, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó páríìṣì tó ti ṣèrìbọmi létí, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí ẹni tó fẹ́ gbéyàwó lọ gba ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi tuntun wá, ká lè rí i bóyá ó ti ṣègbéyàwó rí.

Lóṣù Kẹjọ, ọmọbìnrin kan tó ń múra ìgbéyàwó dé, ẹkún ló ń sun. Ikán ti jẹ ìwé ìjọ abúlé wọn, ó ku èèpo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n òfin 876 nínú ìwé òfin Ìjọ Kátólíìkì gbà pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ṣeé gbára lé tó láti fi hàn pé èèyàn ti ṣèrìbọmi, bí kò bá ti pa ẹnikẹ́ni lára. A ránṣẹ́ sí ìyá ìrìbọmi rẹ̀, màmá àgbàlagbà kan lọ́nà Akínyẹlé. Wọ́n na ọwọ́ wọn méjèèjì sí mi: "Fadá, ọwọ́ yìí ni mo fi gbé e. Bí omi ṣe kàn án lórí, ó figbe ta, ó já ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi." Mo kọ ọ́ sílẹ̀, Màmá tẹ̀ka, mo lu òǹtẹ̀. Òfin tó ka ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá tí kò kàwé sí tó báyìí, ó wú mi lórí púpọ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún tí wọ́n yan Póòpù Leo Kẹrìnlá, mo ka ìtàn ayé wọn. Ọdún 1982 ni wọ́n joyè àlùfáà. Nígbà tó di 1985, wọ́n ti ń ṣe akọ̀wé àgbà fún Ìjọ ní Chulucanas, lórílẹ̀-èdè Peru. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe olórí ilé ẹjọ́ Ìjọ ní Trujillo. Inú mi dùn dé ìdí pé àwọn náà ti jókòó sídìí fáìlì rí.

Ìṣirò owó páríìṣì ṣì ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. A ó máa rọ wọ́n. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn ìwé ìjọ abúlé ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yà sórí kọ̀ǹpútà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi àtijọ́ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ bá Fadá yín, kí wọ́n fi wé èyí tó wà nínú ìwé Ìjọ.